Iṣẹ́ Kàtúùnù Láti Ilé-Ifẹ̀: Àwọn Ìbéèrè Tí Ẹ Máa Ń Bi Mí

Àwọn ọ̀dọ́ Ifẹ̀ àti Mọ̀dákẹ́kẹ́ tó fẹ́ wọ iṣẹ́ animation, pẹ̀lú àwọn òbí tí ẹ̀rù iṣẹ́ náà ń bà, ló máa ń béèrè àwọn ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́ mi. Mo kó wọn jọ síbí kí n má baà máa tún un sọ lórí fóònù lójoojúmọ́. Èrò tèmi pọ̀ nínú ìdáhùn náà. Ẹni tó bá ní èyí tó sàn jù, kó mú tirẹ̀ lò.

Kí ni animator ń ṣe gan-an? Ṣé àwòrán yíyà nìkan ni?

Ohun tí ojú ń rí bí ìrìn nínú kàtúùnù, àwòrán tí kò mira ni, tí wọ́n tò tẹ̀ lé ara wọn. Nínú sinimá, àwòrán 24 ló ń kọjá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi ọwọ́ yà á máa ń fi àwòrán kan dí àyè méjì, nítorí náà àwòrán 12 á tó wọn fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ wá ṣírò rẹ̀: eré ìṣẹ́jú kan péré, àwòrán 720 ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń rẹ́rìn-ín bí ẹnì kan bá ní fíìmù wákàtí kan ààbọ̀ lòun fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ náà pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ. Ẹnì kan á kọ ìtàn. Ẹlòmíràn á ya storyboard, ìyẹn àwọn àwòrán wẹ́wẹ́ tó ń fi hàn bí ìran kọ̀ọ̀kan yóò ṣe rí. Ẹnì kan á gbèrò ìrísí àwọn èèyàn inú eré, ẹnì kan á mọ ara wọn nínú 3D (àwòrán tó ṣeé yí wò láti gbogbo ìhà), ẹnì kan á to egungun sí wọn nínú, èyí tí à ń pè ní rigging, kí animator tó wá mú wọn rìn. Iṣẹ́ ìmọ́lẹ̀, ohùn àti gígé fídíò ṣì wà lẹ́yìn. Nílé iṣẹ́ ńlá, ọ̀tọ̀ lẹni tó ń ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní Ifẹ̀ níbí, ẹnì kan ṣoṣo lè ṣe márùn-ún nínú rẹ̀, kó tún fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ gba owó lọ́wọ́ oníbàárà. Ẹ mọ gbogbo rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ mú ọ̀kan tí wọn yóò fi dá yín mọ̀.

Mi ò mọ àwòrán yà. Ṣé kí n má wulẹ̀ dá a láṣà?

Ẹ dá a láṣà. Ẹni tó ń to egungun, ẹni tó ń ṣètò ìmọ́lẹ̀, ẹni tó ń gé fídíò, kò di dandan kí ọwọ́ wọn dán nínú àwòrán. Ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò lè yẹ̀ sílẹ̀ ni wíwò.

Ẹ lọ jókòó síbi tí wọ́n ti ń gún iyán, kí ẹ má sì wo inú odó. Ẹsẹ̀ ẹni tó ń gún un ni kí ẹ wò. Kí ọmọ odó tó gòkè, orúnkún á kọ́kọ́ tẹ̀ díẹ̀, ẹ̀yìn á nà, apá á wá tẹ̀ lé e. Bó bá dé òkè, á dúró fún ìṣẹ́jú tí kò tó nǹkan, lẹ́yìn náà ni yóò já wálẹ̀, ó sì máa ń yára wálẹ̀ ju bó ṣe gòkè lọ. Bí iyán bá ti ń fà, ọmọ odó á lẹ̀ mọ́ ọn. Èjìká ni yóò kọ́kọ́ gbéra láti fà á yọ, ọwọ́ á tẹ̀ lé e, gèlè orí á mì gbẹ̀yìn. Nígbà tó jẹ́ pé iṣu ṣì le nínú odó, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá: ọmọ odó á ta padà sókè fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá rí ìyàtọ̀ méjèèjì yìí, tó sì lè fi í hàn láìsí pé ó kọ ọ̀rọ̀ kankan sí i, iṣẹ́ ti ń bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Frank Thomas àti Ollie Johnston, àgbà animator méjì nílé iṣẹ́ Disney, to irú nǹkan wọ̀nyí di ìlànà 12 tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 1981: bí ara ṣe ń múra kó tó ṣe nǹkan, bó ṣe ń tẹ̀ tó sì ń nà, bí aṣọ àti irun ṣe ń dé lẹ́yìn tí ara ti dúró, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Títí di òní, òun náà ni wọ́n fi ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ kà á, kí ẹ sì padà lọ wo ìyá oníyán.

Fóònù nìkan ni mo ní. Ṣé mo lè bẹ̀rẹ̀?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ lónìí. FlipaClip wà lórí Android fún yíya àwòrán lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá sì fẹ́ràn fífi ọwọ́ ṣe nǹkan, ẹ bu amọ̀, ẹ mọ èèyàn kékeré, ẹ so fóònù mọ́ ohun tí kò ní mì, kí ẹ máa yí amọ̀ náà díẹ̀, kí ẹ máa ya fọ́tò. Amọ̀ kò wọ́n ní Ifẹ̀.

Laptop wo ni kí n rà?

RAM, ìyẹn àyè tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, 8GB ló kéré jù tí Blender, app 3D tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ nísàlẹ̀, ń béèrè. 16GB ló máa ń jẹ́ kí ara tu èèyàn. Ẹ wá èyí tó ní SSD, ìyẹn ibi ìpamọ́ fáìlì tó yára, kó sì ní graphics card (ẹ̀yà tó ń ṣiṣẹ́ àwòrán) tirẹ̀ bí owó bá gbà á. Tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ wa fi bẹ̀rẹ̀, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó sanwó, yálà ní Lágere ni o tàbí níbòmíràn, ẹ gbé Blender sórí flash lọ, ẹ ṣí i lójú ẹni tó ń tà á, ẹ yọ wáyà iná, kí ẹ jẹ́ kó ṣe render, ìyẹn kí kọ̀ǹpútà sọ iṣẹ́ yín di àwòrán tó parí, fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí bátìrì bá ti kú, ẹ ó rí i níbẹ̀. Bí abẹ́ rẹ̀ bá gbóná débi tí ẹ kò lè gbé e lé itan, ẹ kí i pé ó dàárọ̀, ẹ máa bọ̀ nílé.

Ẹni tó ń yàwòrán á nílò pátákó ìyàwòrán, bíi ti Huion, XP-Pen tàbí Wacom. Ẹ ra èyí tí kò ní ojú skrínì. Owó rẹ̀ kéré gan-an sí ti èyí tó ní i. Á kọ́kọ́ ṣòro nítorí pé ọwọ́ wà nísàlẹ̀, ojú wà lókè, àmọ́ kì í pẹ́ tó fi ń mọ́ni lára.

App wo ni kí n kọ́? Ṣé mo máa sanwó?

Blender, ẹ kò sì ní san kọ́bọ̀. Ní ọdún 2002, Ton Roosendaal tó dá a sílẹ̀ kó owó jọ lọ́wọ́ àwọn èèyàn káàkiri ayé, 100,000 yúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méje, kó lè rà á padà lọ́wọ́ àwọn tó dáwó lé e, kó sì sọ ọ́ di ti gbogbo ayé. Àǹfààní ìyẹn là ń jẹ ní Ifẹ̀ dòní. Kì í ṣe nǹkan àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nìkan: fíìmù Flow tí wọ́n ṣe láti Latvia, òun ló gba Oscar ti fíìmù animation ní 2025, Blender ni wọ́n sì fi ṣe é. Ó tún ní Grease Pencil nínú fún àwọn tó fẹ́ ya 2D, ìyẹn àwòrán pẹlẹbẹ.

Fún 2D, Krita àti OpenToonz náà jẹ́ ọ̀fẹ́. Ẹ fi DaVinci Resolve gé fídíò, ẹ fi Audacity tún ohùn ṣe. Maya àti Toon Boom Harmony ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ńlá ń lò, owó gidi ni wọ́n sì ń gbà. Bí ilé iṣẹ́ bá gbà yín síṣẹ́, wọn á fún yín. Ẹ yé fi crack, ìyẹn app olówó tí wọ́n jí gbà, ba kọ̀ǹpútà jẹ́ nítorí rẹ̀.

Iná ńkọ́?

Ìbéèrè yìí ló yẹ kó ṣáájú.

Ohun àkọ́kọ́: ẹ má ṣe render tààrà sí fídíò MP4. Ẹ ní kí Blender kó àwòrán PNG lọ́kọ̀ọ̀kan sínú fóldà, ìgbà tó bá parí ni ẹ ó tó so wọ́n pọ̀ di fídíò. Wò ó báyìí: eré ìṣẹ́jú àáyá 10 jẹ́ àwòrán 240. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ń gba ìṣẹ́jú 3, wákàtí 12 gbáko ni. Ká ní wọ́n mú iná lọ nígbà tó wà lórí àwòrán 151. Bó bá jẹ́ MP4, ó ṣeé ṣe kí fáìlì náà má ṣí mọ́, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀ láti 1. Bó bá jẹ́ PNG, 150 ti wà nílẹ̀, ẹ kàn ní kó máa bá a lọ láti 151. Bí ẹ bá yọ àmì tó wà níwájú Overwrite, Blender fúnra rẹ̀ á fo àwọn èyí tó ti ṣe.

Èkejì: ohun tó ń jẹ iná jù ni render, kì í ṣe animation fúnra rẹ̀. Ẹ lè fi bátìrì laptop to egungun, kí ẹ mú èèyàn inú eré rìn, kí ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i, nínú òkùnkùn. Ẹ wá fi render sí òru tí iná bá wà. Nínú àwọn ọ̀nà render tó wà nínú Blender, ẹ lo Eevee dípò Cycles níbi tó bá ti ṣeé ṣe. Ó yára jù ú lọ dáadáa, oníbàárà tó fẹ́ kàtúùnù fún ọmọ iléèwé kò sì ní mọ ìyàtọ̀.

Tí owó iṣẹ́ àkọ́kọ́ bá wọlé, ẹ gbé e lé sólà àti bátìrì kí ẹ tó ronú kan laptop tuntun. Mo mọ̀ pé kò dùn ún gbọ́.

Ṣé ó di dandan kí n ní dìgírì? OAU ńkọ́?

Ẹni tó fẹ́ gbà yín síṣẹ́ á kọ́kọ́ béèrè iṣẹ́ tí ẹ ti ṣe. Ìwé ẹ̀rí lè má bọ́ sí i lẹ́nu rárá. Síbẹ̀ ẹ má tìtorí ìyẹn fi iléèwé sílẹ̀ o. Ẹ̀ka Fine and Applied Arts wà ní OAU, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ni ní yíya ara èèyàn, àwọ̀ àti ère gbígbẹ́. Láti ibẹ̀ ni Moyo Okediji, Kunle Filani, Bolaji Campbell, Tola Wewe àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ti dá ẹgbẹ́ Ọ̀nà sílẹ̀ ní 1989, tí wọ́n ń fi ọnà Yorùbá ṣe iṣẹ́ òde òní. Bí ẹ bá ń wá bí ìrísí eré yín kò ṣe ní dà bíi ti Amẹ́ríkà, ẹ wo iṣẹ́ wọn.

Ẹ̀ka Dramatic Arts náà kò ṣeé fojú fò. Òṣèré ni animator, àfi pé ara ẹlòmíràn ló fi ń ṣe é. Bí wọ́n bá ń ṣeré lọ́gbà, ẹ lọ wò ó, kí ẹ mú ìwé dání.

Níbo ni mo ti lè kọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́?

YouTube. Ẹ wa fídíò náà sílẹ̀ ní àkókò tí dátà bá dínwó, kí ẹ máa wò ó láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Gbogbo ẹni tó ń kọ́ Blender ló máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú dónọ́ọ̀tì tí Andrew Price ń kọ́ni ṣe nínú fídíò rẹ̀, ó sì dára. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé dónọ́ọ̀tì náà wá fún mi bí iṣẹ́ yín. Gbogbo ayé ló ní i. Ẹ fi ohun tí ẹ kọ́ níbẹ̀ ṣe àkàrà, kí epo ṣì máa hó yí i ká. Ìgbà yẹn la ó mọ̀ bóyá ó yé yín tàbí ẹ kàn ń tẹ ohun tí Andrew tẹ̀.

Mo fẹ́ kí àwọn èèyàn inú eré mi máa sọ Yorùbá, ṣùgbọ́n ẹnu wọn kò bá ọ̀rọ̀ mu. Kí ló dé?

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àwòrán ẹnu tí wọ́n ṣe fún èdè Òyìnbó ni ẹ wa sílẹ̀. Ó ní ẹnu fún v àti th, tí a kì í lò, kò sì ka gb sí rárá. Nínú Yorùbá, b, m, p àti gb, gbogbo wọn ló ń pa ètè pọ̀. Ẹ dúró síwájú dígí kí ẹ sọ "gbàgbé": ètè pa dé lẹ́ẹ̀mejì. Bí ètè inú eré yín kò bá pa dé níbẹ̀, ẹni tó ń wò ó lè má mọ ohun tó ṣe é, àmọ́ ara rẹ̀ kò ní gbà á. Ẹ ya ẹnu ọ̀tọ̀ fún o àti ọ: méjèèjì ló ká, ṣùgbọ́n ti ọ ṣí jù. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún e àti ẹ. F nìkan ló ń fi eyín kan ètè ìsàlẹ̀. K, l, r, t, s, ẹ má da ara yín láàmú lórí wọn, ẹ lè fò wọ́n bí ọ̀rọ̀ bá yára.

Àmì ohùn kì í hàn lórí ètè. Orí, ìpéǹpéjú àti àyà ló máa ń fi í hàn, ẹ wo ẹni tó ń sọ pé "Háà, rárá o!" kí ẹ rí bí àgbọ̀n rẹ̀ ṣe ń gòkè tó sì ń sọ̀ kalẹ̀.

Ohùn ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà, kí ẹ tó mú ẹnu rìn. Ẹ wọnú yàrá tí aṣọ pọ̀ sí, ẹ pa fáànù, kí ẹ dúró di ìgbà tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò bá sinmi. Kí àgbàlagbà sọ ohùn àgbàlagbà. Ọmọ ogún ọdún tó ń fi ohùn ṣe bàbá arúgbó máa ń bí mi nínú.

Ṣé ìtàn Ìjàpá ni kí n fi bẹ̀rẹ̀?

Ẹ lè fi bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ti wà níbẹ̀ ṣáájú yín. Ní 2023, Disney+ gbé fíìmù kéékèèké 10 láti Áfíríkà jáde lábẹ́ orúkọ Kizazi Moto, ọ̀kan nínú wọn sì ni Moremi, tí Shofela Coker darí. Mọ́remí wa níbí nìyẹn, tí ère rẹ̀ wà nínú ìlú. Ìtàn tí à ń gbọ́ látẹnu ìyá àgbà ti rìn dé ojú ayé, ẹni tó kọ́kọ́ rí i bí ohun tó ṣeé ṣe ló mú un lọ.

Fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹ wá ohun tí kò ju ìṣẹ́jú àáyá 20 lọ. Ọlọ́kadà méjì ń du èrò kan ní àdúgbò Màyfíà. Ọmọdé kan ń fi ọgbọ́n yọ ẹran nínú ìkòkò. Ẹ parí rẹ̀, pẹ̀lú ohùn àti orúkọ yín níparí. Fíìmù ìṣẹ́jú àáyá 20 tó parí sàn ju àlá ọdún mẹ́ta nínú fóldà lọ.

Fún ìrísí, ẹ wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà lẹ́bàá ààfin. Àwọn orí idẹ tí wọ́n hú ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938, nígbà tí wọ́n ń wa ìpìlẹ̀ ilé, ẹ wo ìlà tó lọ tààrà láti òkè ojú dé àgbọ̀n lára àwọn kan, ẹ wo bí ètè àti ìpéǹpéjú ṣe dá ṣáká. Kò sí ẹni tó ní ohun tó jọ ọ́ nítòsí bíi tiwa. Bó bá jẹ́ òrìṣà tàbí ohun ọdún ni ẹ fẹ́ fi sínú eré, ẹ kọ́kọ́ bi àwọn àgbà tó ni ín. Àwọn nǹkan kan wà tí kì í ṣe ohun àwòrán.

Ṣé mo ní láti kó lọ sí Èkó?

Rárá. Ilé iṣẹ́ Kugali tó bá Disney ṣe eré kàtúùnù Iwájú, tó jáde ní 2024, Èkó ni ìtàn wọn dá lé, ṣùgbọ́n ibi púpọ̀ láyé làwọn tó fọwọ́ sí i wà. Bino and Fino, kàtúùnù ọmọdé tí Adamu Waziri dá sílẹ̀, Àbújá ló ti jáde. Iṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì kò béèrè àdúgbò. Ẹ lè lọ Èkó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láti pàdé èèyàn. Owó ilé ibẹ̀ lè jẹ gbogbo èrè yín tán.

Ta ló máa gbé iṣẹ́ fún mi ní Ifẹ̀?

Àwọn tí ẹ kò rò. Olórin tó fẹ́ fídíò tí kò wọ́n, iléèwé aládàáni, ṣọ́ọ̀ṣì, oníṣòwò tó fẹ́ ìpolówó fún WhatsApp. Àwọn tí mo fẹ́ràn jù ni olùkọ́ yunifásítì àti dókítà: wọ́n ní ìwádìí tí kò sí ẹni tó ń kà, ìṣẹ́jú méjì kàtúùnù sì lè ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyá ọlọ́jà. Ẹ kan ilẹ̀kùn wọn.

Ẹ fi ìṣẹ́jú àáyá díye lé iṣẹ́. Ẹ gba ìdajì kí ẹ tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹ ó tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ̀ẹ̀kẹta á gba owó. Ẹ kọ ẹni tó ni èèyàn inú eré náà sí i pẹ̀lú, nítorí bó bá gbajúmọ̀ lọ́la, ìjà níbẹ̀ kì í ṣe kékeré. "Ọmọ ìyá mi ni" kò dí èyíkéyìí lọ́wọ́. Fún oníbàárà òkè òkun, ìkànnì Upwork àti Fiverr, níbi tí oníbàárà ti ń wá òṣìṣẹ́, wà, Payoneer sì lè gba owó náà wálé. Ó máa ń pẹ́ kí ẹni àkọ́kọ́ tó dáhùn.

Báwo ni reel ṣe gbọ́dọ̀ rí?

Reel ni fídíò kúkúrú tí ẹ fi kó iṣẹ́ yín tó dára jọ fún ẹni tó fẹ́ gbé iṣẹ́ fún yín. Kó má ju ìṣẹ́jú kan lọ. Èyí tó dára jù ni kó ṣáájú, ẹ má fi í pamọ́ sẹ́yìn. Bí ẹ bá bá èèyàn ṣe é, ẹ kọ ohun tí ẹ ṣe nínú rẹ̀ sí i. Ẹ yọ orin tó ń pariwo.

Ṣé AI kò ní gba iṣẹ́ yìí?

Ó ti ń gba díẹ̀. Ẹni tó jẹ́ pé lógò tó ń yí po nìkan ló mọ̀ ọ́n ṣe, kó tètè kọ́ nǹkan mìíràn. Ṣùgbọ́n bí oníbàárà bá ní "ọwọ́ òsì ìyá yẹn nìkan ni kí ẹ gbé sókè díẹ̀, ẹ má fọwọ́ kan ìyókù", ibẹ̀ lẹ ó ti mọ̀ pé ẹni tó ní egungun lábẹ́ àwòrán rẹ̀ ló ń ṣàkóso. AI sì tún máa ń wé gèlè bí ẹni tí kò lọ òde rí. Èmi máa ń lò ó láti wá èrò, mo sì máa ń sọ fún oníbàárà pé mo lò ó.

Ọmọ mi kì í kúrò nídìí kọ̀ǹpútà, ó ní kàtúùnù lòun ń ṣe. Ṣé iṣẹ́ gidi ni, àbí eré ọmọdé?

Mọ̀mọ́, iṣẹ́ gidi ni. Ẹ ní kó fi ohun tó ti parí hàn yín. Bó bá ní nǹkan, kódà kó kúrú, ẹ bá a ra dátà. Bó bá jẹ́ pé ó ń bẹ̀rẹ̀ ni lójoojúmọ́ tí kò sì parí ọ̀kankan, ẹ fún un ní oṣù kan kó fi parí ẹyọ kan ṣoṣo. Kí ó sì máa sùn lóru, ẹ̀yìn àti ojú ni iṣẹ́ yìí kọ́kọ́ máa ń bàjẹ́.

Ṣé mo ti dàgbà jù? Mo ti lé ní ọgbọ̀n ọdún.

Rárá o.

Ṣé mo lè fi iṣẹ́ mi ránṣẹ́ kí ẹ bá mi wò ó?

Ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀. Fídíò ni kí ẹ fi ránṣẹ́, kì í ṣe fáìlì Blender tó ń jẹ gbogbo dátà mi. Ẹ kọ ìbéèrè kan ṣoṣo tí ẹ fẹ́ kí n dáhùn sí abẹ́ rẹ̀, bí ẹ bá kọ "báwo ló ṣe rí?", "ó dára" ni ẹ ó gbà. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń wò wọ́n, bí iná bá wà.